Ó Fàmì Sí Ohun Tí Kò Ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ya àwòrán inú ara eku, àwọn eku funfun kéékèèké tí àwọn olùwádìí fi ń dán oògùn wò. Kì í la eku kankan. Á kùn ún lóorun díẹ̀, á tẹ́ ẹ sínú àpótí dúdú, kámẹ́rà inú àpótí á sì ka ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tó ń jáde lára kókó jẹjẹrẹ tó wà nínú eku, torí wọ́n ti ṣe kókó náà lọ́nà tí á fi máa tàn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dínkù, kókó ń kú nìyẹn. Láìpẹ́, eku á jí, á máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Fọ́tò Eku ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní fèrèsé. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wá bá a jẹun lọ́sàn-án, ọ̀dọ́bìnrin olùwádìí kan tó ti lo ọdún méjì lórí oògùn jẹjẹrẹ.

"Bọ̀dá, ẹ tún jókòó sínú òkùnkùn bí àdán."

"Àdán tó ń gbowó oṣù ni mí."

2.
Láràárọ̀, kí eku kankan tó wọ àpótí, ó yẹ kó tan àtùpà ìdánwò kékeré kan síbẹ̀, kó fi mọ̀ bóyá kámẹ́rà ṣì ń ríran dáadáa. Ogún ìṣẹ́jú péré ni. Ó ṣe é fún ọdún mọ́kànlá, kò rí àbùkù kan. Ló bá sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀rọ yìí ju òun lọ. Ó pa ìdánwò tì. Àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń fàmì sí ìwé pé òun ti ṣe é.

3.
Kámẹ́rà ń fọ́jú díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin náà kó ìwé wọlé.

"Bọ̀dá, nǹkan kan ò yé mi. Kókó àwọn eku tí mo fún lóògùn ń dínkù, ìyẹn dáa. Àmọ́ tàwọn tí mi ò fún ní nǹkan kan náà ń dínkù. Ṣé kì í ṣe kámẹ́rà?"

Gbogbo ohun tó yẹ kí Fọ́tò Eku sọ ni pé, "Jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò." Ṣùgbọ́n ojú tì í.

"Mo ń dán an wò láràárọ̀. Wo ìwé."

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo ìwé, ó rí àmì, ó gbà á gbọ́.

"Á jẹ́ pé èmi ni mo da àwọn eku pọ̀ mọ́ra wọn." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

4.
Ọ̀gá àgbà pèpàdé. Ẹ̀bi ọ̀dọ́bìnrin náà ni wọ́n rí. Wọ́n da iṣẹ́ ọdún méjì nù, wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Fọ́tò Eku jókòó sí, ó ń wo èékánná ara rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà dìde, ó sọ sí Fọ́tò Eku létí pé, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú mi."

5.
Oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹlẹ́rọ wá ṣàyẹ̀wò, ó sì rí i pé kámẹ́rà ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀rọ ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú: odindi oṣù mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò tan àtùpà ìdánwò. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Fọ́tò Eku, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ń to ìwé àtijọ́ sí. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́bìnrin náà padà, kò wá.

Fọ́tò Eku kọ lẹ́tà gígùn sí i, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Èsì tó rí gbà kò pọ̀:

"Mo ti ka lẹ́tà yín. Mo ti dárí jì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mi mọ́."

Níbi tí Fọ́tò Eku wà báyìí, ó lè ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò ṣe. Bí àṣìṣe bá sì ti wọlé, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi yín. Ìtìjú ọjọ́ yẹn á tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọkàn tán yín, tí ẹ wá jẹ́ kó ru ẹ̀bi yín, ó lè dárí jì yín tọkàntọkàn, kó má sì padà wá mọ́ láé.