Ẹ̀rí Ogójì Ọdún

Màmá Àmọ̀kẹ́ jókòó sẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Ogbó, ó ń wo ọmọ rẹ̀, Dókítà Oyèkúnlé, tó ń fi àwọn onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwé Máàkù tí ẹ gbójú lé yìí, ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn Jésù kí wọ́n tó kọ ọ́! Ọlọ́pọlọ pípé wo ló máa gbà á?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ kan dìde. "Ọ̀gá, àwọn tó rí i ṣì wà láyé nígbà náà. Bóyá ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè kọ ọ́."

Oyèkúnlé yọ ṣùtì ètè sí i.

"Ẹni tó mọ òtítọ́, tó fi ogójì ọdún panu mọ́, òpùrọ́ ni. Mi ò ní gbọ́ tẹnu ẹ̀."

Nígbà tí ìpàdé tú ká, ó wá bá ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ ní ẹ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀."

Ìyá wo ojú rẹ̀. Ẹ̀gàn ò tíì kúrò níbẹ̀.

"Kò sí o, ọmọ mi. Mo kàn ní kí n wá wò ọ́ ni."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé rẹ̀ ní Òkèrèwè.

Lẹ́tà tó kọ fún ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin tó bí Oyèkúnlé gan-an ló wà níbẹ̀, orúkọ tó ti fi pa mọ́ fún un láti ogójì ọdún.

Ọkùnrin náà wà lórí ibùsùn àìsàn ní Ìwó, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí òun fojú kan ọmọ òun kí òun tó kú.