Fóònù Tí N Kò Tíì Fún Ní Ohùn

Ọjà fóònù ń kógbá sílé, èrò ń ti ara wọn, ni ojú èmi àti obìnrin kan bá ṣe mẹ́rin. Nínú ìwé ìfẹ́ tí mo máa ń kà, ibẹ̀ ni inú ti ń dùn. Ṣùgbọ́n ìkórìíra ló kún ojú obìnrin yìí.

Ó ju fóònù àtijọ́ kan sórí tábìlì tí mo ti ń tún fóònù ṣe. “Ìwọ lo ń kọ́ kánẹ́ẹ̀lì, àbí? Jí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ilẹ̀ ti ń ṣú.”

“Ta ni àǹtí ẹ? Jí i!”

Kánẹ́ẹ̀lì ni ọkàn tó ń darí fóònù. Mo fi kóòdù tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ kọ́ tuntun fún un. Apá tó ń darí bátìrì àti ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ nìkan ni mo tíì fi sí i; kò sí ohùn níbẹ̀ rárá.

Fóònù náà tàn. Ó mí kanlẹ̀.

“Akínwálé,” ló wí. Ohùn Ìbídùn ni, ọmọge ṣọ́ọ̀bù kejì tí ìfẹ́ rẹ̀ ń pa mí bí ọtí. “Lẹ́tà tó o kọ sí mi, tó ò láyà láti fún mi, fún obìnrin tó sé mi mọ́ inú fóònù yìí, kó lè tú mi sílẹ̀.”

Mo yíjú wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo wà lẹ́nu ọ̀nà.

Obìnrin náà na ọwọ́. Mo yọ lẹ́tà náà lápò àyà mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ fóònù náà kú, Ìbídùn sì jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀.