Ìyàwó Tó Ń Pẹ́ Lórí Ìforíkanlẹ̀

Ó ti rẹ Zulikha, ṣùgbọ́n ó tún jẹ ọ̀rá àgbò tí ìyá ọkọ ẹ̀ bù fún un.

Nílé Lalla Kheira, ìyá ọkọ yìí, ní ìlú Tlemcen ní Algeria, ìyàwó tó bá kọ abọ́ ìyá ọkọ, ìyá ọkọ gan-an ló kọ.

Ó jẹun tán. Ó rọra wọ yàrá. Ó tẹ́ ẹní ìkírun, ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀.

Kò dìde.

"Ẹ wò ó!" Lalla Kheira ń fọ́nnu fún àwọn aládùúgbò ní pálọ̀. "Gbogbo ìgbà tó bá jẹun tán ló ń dúpẹ́ báyìí. Ìyàwó tiyín ńkọ́? Fóònù ló ń forí balẹ̀ fún!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Wasila, ọmọ Lalla Kheira tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Oran dé. Ó yọjú sí yàrá. Ó wo ẹní náà, ó wo fèrèsé.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yìn lo kọ sí Mẹ́kà yìí."

"Mo mọ̀, Àǹtí." Kò gbórí sókè.

"Irú ìrun wo wá nìyí?"

"Mi ò kírun, Àǹtí mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ó ń gún mi láti ikùn jáde lẹ́yìn. Àfi kí n tẹ̀ síwájú báyìí kí n tó lè mí."

Wasila kúnlẹ̀ tì í.

"Ọ̀rá tí Màmá ń bù fún ẹ yẹn ló ń ru ìrora náà sókè. Dìde, ilé ìwòsàn yá. Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí."