Ọwọ́ Tó Gba Ojú Fèrèsé Wọlé

Opó náà fi páànù irin tó fi ń dín ẹyin gbá ọwọ́ tó gba ojú fèrèsé awakọ̀ wọlé. Egungun ró pàkà. Ìlú mẹ́ta lórí òkè Kolorádò ló ti lé òun àti ọkọ̀ tó fi ṣe ilé lọ́dún yìí; kò ní sá mọ́.

“Màmá, ẹ dákun!” ni ọkùnrin tó ni ọwọ́ náà ń ké níta.

“Màmá ta? Èmi ni mo bí olè?”

Ó tún gbá a. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí ìjókòó. Ọkọ̀ ń mì. Ó rò pé ọkùnrin náà ló ń mì ín.

Ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ náà nà kọjá rẹ̀, ó fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ dúró.

Opó bojú wẹ̀yìn. Kò rí ilẹ̀, àfonífojì ló rí. Igi méjì tó yẹ kó fi há táyà láàárọ̀ kí ọkọ̀ má baà yí sẹ́yìn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí rẹ̀.