Ṣé Ó Gbó Ni, àbí Ó Gbọ́n?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ fi í sílẹ̀. Ìparí rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rí.

1. Ojú Bàbá Theophilus, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Àgùdà, fọ́ lẹ́yìn tí ìyàwó wọn kú. Jeffrey, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Yábàá. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan sí pálọ̀ wọn, ó fi Linux sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè lò. Bí bàbá bá ti tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà á máa sọ̀rọ̀: á ka ìròyìn, á ka Bíbélì, á ka lẹ́tà àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí. Ohùn yẹn nìkan ló ń bá wọn gbélé.

2. Àwọn tó ń ṣe Linux máa ń ní ẹ̀yà méjì nílẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti dán wò títí, tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Ìkejì ni wọ́n ṣì ń tún ṣe lọ́wọ́: lónìí ó dáa, lọ́la ó yarọ. Èyí tó ti fìdí múlẹ̀ ni Jeffrey fún bàbá. Àmọ́ Yínká ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Jeff, ṣé èyí tí Nóà gbé wọnú ọkọ̀ lẹ ṣì ń lò nílé yín?"

Ó dun Jeffrey. Ó gba Àgùdà lọ, ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀yà náà, pé ó ti gbó.

Bàbá ní, "Ṣé ó gbó ni, àbí ó gbọ́n?"

Jeffrey rẹ́rìn-ín. Ó fi èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò sí i, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Yínká, ó bá tiẹ̀ lọ.

3. Kò pẹ́, àtúnṣe kan wọlé fúnra rẹ̀, ohùn sì pa rẹ́. Bàbá pe Jeffrey. Jeffrey mọ̀ pé tí òun bá dá ẹ̀yà àtijọ́ padà, ọ̀rọ̀ bùṣe, àmọ́ kí ni Yínká á wí? Ó ní kí bàbá ní sùúrù, pé àwọn tó ń ṣe Linux máa tó tún un ṣe. Bó ṣe ń wí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè. Nígbà tó yá, bàbá ò pè mọ́. Jeffrey rò pé kọ̀ǹpútà ti ń sọ̀rọ̀ padà ni.

4. Ọjọ́ tó délé, ó bá bàbá níwájú kọ̀ǹpútà tó dákẹ́, wọ́n ti rù. Ẹ̀rù bà á. Ó sáré dá ti àtijọ́ padà, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Bàbá nawọ́ sí bọ́tìnì, wọ́n pa á.

"Gbé e lọ, ọmọ mi. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Mi ò lè tún un kọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ bá fẹ́ dán nǹkan tuntun wò, ẹ dán an wò lórí tiyín. Ẹ má fi ohun tí ẹlòmíì gbára lé ṣe fáàrí torí ẹnu ọ̀rẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.