Ọkùnrin Tó Ń Tiro Nínú Géèmù

"Ẹ wo bí ọkùnrin inú ti àkọ́kọ́ yìí ṣe ń fò bí ẹtu," ni alámèyítọ́ géèmù wí sí kámẹ́rà. Géèmù àtijọ́ méjì ló ń fi wéra. Ó ṣí ìkejì. Ọkùnrin kan ń sá fún ẹ̀rọ apààyàn ní ìlú kan lójú sánmà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe èyí, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣojúsàájú. Ta ló ń tiro sáré báyìí? Mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

Ìyá rẹ̀, tó ń kó aṣọ kọjá, dúró gbọnin.

"Bàbá ẹ ni."

"Báwo, Mọ́mì?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló ti sáré. Ẹ̀gbọ́n ẹ fi kámẹ́rà ká a sílẹ̀, ó wá yà á sínú kọ̀ǹpútà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oyún ẹ ṣì wà nínú mi."

Bàbá alámèyítọ́ ti kú kí wọ́n tó bí i; nínú fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tó ní, orí àga ni bàbá náà jókòó sí.

Ọkùnrin inú géèmù jìn sí kòtò, ó kú.

Ìyá gbé aṣọ sílẹ̀. "Ṣé ó lè dìde?"

"Ó lè dìde, mà."

Alámèyítọ́ tẹ bọ́tìnnì. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku ara nù, ó sì ń tiro lọ.