Àwo Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Akíndàmọ́lá wa ọkọ̀ kúrò ní Lẹ́kkí Phase 1, ó gba Ajah kọjá, ó forí lé Lakowe láti lọ bá ìyá rẹ̀ wí. Dókítà ti sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ti ń bá a gbé tipẹ́, pé ó ti kan ojú, ó sì ti ń wọ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà bi í léèrè irú oúnjẹ tó fi dàgbà. Àwo kan ló sọ sí i lọ́kàn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Tiwátọ́pẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti di báàgì, nítorí ọ̀dọ̀ màmá bàbá rẹ̀ ló ti máa ń lo ìsinmi. Akíndàmọ́lá ní kó tú u. Ó ní ọmọ òun kò ní sun ilé yẹn mọ́, àfi tí màmá òun bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun ló fi oúnjẹ ba ayé òun jẹ́.

Kùdírátù, ìyá rẹ̀, wà nídìí ẹja tó ń yan nígbà tó dé. Ògiri ọgbà gọ́ọ̀fù ti dé ẹ̀yìnkùlé wọn, àwọn bíríkìlà ń pariwo lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ilé náà wà bó ṣe wà. Ìyá wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀, ó béèrè Tiwátọ́pẹ́. Akíndàmọ́lá ní ó wà nílé. Ìyá bu oúnjẹ fún un, Akíndàmọ́lá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní àwo kan ni ọmọ ẹlòmíì ń jẹ lálẹ́, méjì ni tòun. Èkíní, lójú bàbá. Èkejì, lẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá ìyá, lórí àpótí kékeré: àádùn, ìrèké tí wọ́n ti bó, ẹ̀wà tó ń wẹ̀ nínú epo, hóró ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá.

Ìyá ń yí ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló ní kó o jẹ ẹ́?"

"Ṣé ó dìgbà téèyàn bá sọ ni, Màámi? Ta tún ni ọmọ inú ilé?"

Ìyá tún yí ẹja.

Akíndàmọ́lá ní òun kò gọ̀ nígbà yẹn. Bàbá òun, Ọdúnjọ, kò fẹ́ àkẹ́jù, ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń fi oúnjẹ pamọ́ de òun. Bí ìyá bá ti jáde lọ kírun, òun á yọ́ wọlé. Bó ṣe ń kẹ́ òun náà nìyẹn: tó bá rán aṣọ ọdún, méjì ni, àwọ̀ kan náà. Òun á wọ ọ̀kan, ìyá á tọ́jú ìkejì, kò sì ní bá òun mu mọ́ kí òun tó tún fojú kàn án. Lọ́jọ́ kan, bàbá ká àwo náà mọ́bẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tí òun kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Kùdírátù, jẹ́ kó máa lọ." Òun rò pé bàbá fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá ẹgbẹ́ òun ṣeré lóde. Ìyá sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, àwo wà níbi tó máa ń wà.

"Ọjọ́ mìíràn wà tí mo ti yó dé ọ̀fun," ni Akíndàmọ́lá wí. "Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí àwo tẹ́ ẹ rí i pé ó ti ṣófo, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ó máa kọrin káàkiri ilé. Ẹ̀rín yẹn ni mo ń jẹ ẹ́ tán fún."

Ìyá fi etí aṣọ nujú nínú èéfín. Ó bi í bóyá díẹ̀ kì í ṣẹ́ kù. Ẹyọ àádùn kan péré ńkọ́? Akíndàmọ́lá ní òun a máa lá àwo ọ̀hún ni.

"Látìgbà tó o ti kúrò nílé," ni ìyá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "kì í tán mọ́. Èèrà ní ń bò ó."

Akíndàmọ́lá mi orí. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ń wí, ẹni tó ṣì ń gbé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ títí dòní, ọmọ òun ló kù tó fẹ́ fi í pa. Ó ní kó gbà pé òun ló jẹ̀bi, tó bá fẹ́ rí Tiwátọ́pẹ́ mọ́.

Ó ti múra sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Ìyá wo ọkọ̀ tó ṣófo náà pẹ́.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Má bínú, Dàmọ́lá. Mú ọmọ náà wá."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Akíndàmọ́lá tó bó ṣe rò. Ó ní òun á mú un wá, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí àwo kejì. Ìyá mi orí pé ó gbọ́. Akíndàmọ́lá dágbére, ó jáde.

Ó ti wọnú ọkọ̀ kó tó rántí pé òun gbàgbé fóònù sórí àga. Nígbà tó padà, ẹja ń jóná, kò sẹ́nì kankan nídìí rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn nínú yàrá. Kọ́tìnnì ti ká díẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí kékeré, ó ti da oúnjẹ tí Akíndàmọ́lá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sínú àwo tánganran àtijọ́, ó tẹ́ àwọn aṣọ ọdún kéékèèké sílẹ̀ yí i ká, tuntun ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni wọ̀ rí.

"Táíwò mi, dìde jẹun," ni ìyá ń wí, "Dàmọ́lá, Kẹ́hìndé rẹ, ló ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ebi ń pa ọ́, èmi ò sì mọ̀."